Ìbọ̀wọ́ síkì

Ìbọ̀wọ́ síkì ni èyí tí àwọn tó ń fi síkì, ìyẹn pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, yọ̀ lórí òkè tí òjò dídì bò máa ń wọ̀ kí òtútù, omi àti afẹ́fẹ́ má baà ba ọwọ́ wọn jẹ́. Iṣẹ́ méjì tó ń ta kora ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kí ó nípọn tó láti mú ooru dání, kí ó sì rọ̀ tó fún ẹni tó wọ̀ ọ́ láti di ọ̀pá síkì mú. Èyí tó móoru pọ̀ lọ́jà. Èyí tí yóò móoru fún ọdún púpọ̀ ṣọ̀wọ́n jù ú lọ, ohun tó sì sábà máa ń fa ìyàtọ̀ náà ni awọ àti ojú rírán rẹ̀.

Òtútù àti ìka ọwọ́

Bí òtútù bá mú ara, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ìka á súnkì kí ooru má baà sá kúrò láàárín ara. Ìka tẹ́ẹ́rẹ́, ẹran rẹ̀ kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń kàn án láti ìhà gbogbo, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tètè tutù. Ní 1930, oníṣègùn Thomas Lewis ṣàlàyé pé bí ìka bá pẹ́ díẹ̀ nínú òtútù, iṣan rẹ̀ a tún ṣí, a sì tún pa dé, léraléra. Kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Ìka àwọn tó ní àìsàn tí Maurice Raynaud ará Faransé ṣàpèjúwe ní 1862 a máa funfun, a sì máa kú tipiri nínú òtútù tí kò tó nǹkan.

Omi ń gbé ooru lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Òógùn tó bá há sínú ìbọ̀wọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣe ọwọ́ ní ibi bíi ti òjò dídì tó wọlé láti ìta. Ìbọ̀wọ́ tó fún ọwọ́ pinpin náà kò dára: ó ń tẹ afẹ́fẹ́ tó yẹ kó mú ooru dání jáde, ó sì ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà.

Ìrísí

Oríṣi kan wà tí kò ya ìka sọ́tọ̀, àyàfi àtàǹpàkò. Ìka mẹ́rin yòókù jọ ń gbé inú yàrá kan, wọ́n ń pín ooru fún ara wọn, nítorí náà ó máa ń móoru ju oníka márùn-ún lọ bí ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà. Oníka márùn-ún ló rọrùn jù fún dídi ọ̀pá mú àti títi bàtà. Síkì orí ilẹ̀ títẹ́, irú èyí tí Samuel Ikpefan fi ṣojú Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Beijing ní 2022, ń mú ara gbóná púpọ̀, ìbọ̀wọ́ tín-ínrín ni wọ́n sì máa ń wọ̀ fún un.

Awọ

Àtẹ́lẹwọ́ àti àárín àtàǹpàkò sí ìka ìfábẹ̀lá ni ìbọ̀wọ́ ti máa ń kọ́kọ́ já. Ibẹ̀ ni ọ̀pá ń gbo, ibẹ̀ náà ni etí irin síkì, tó mú, ń gé bí ènìyàn bá gbé síkì rù. Aṣọ náílọ́ọ̀nù lè tó fún ẹ̀yìn ọwọ́, ṣùgbọ́n awọ ṣì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo ìbọ̀wọ́ lójoojúmọ́ ń yàn fún àtẹ́lẹwọ́.

Awọ ewúrẹ́ tín-ínrín, síbẹ̀ ó yi, nítorí pé àwọn okùn inú rẹ̀ so mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ a ṣì máa mọ ohun tó dì mú. Ilẹ̀ Hausa ti mọ iyì rẹ̀ tipẹ́: awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó tí ràkúnmí ń gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wà lára ohun tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní awọ Mòrókò. Awọ màlúù nípọn ju ti ewúrẹ́ lọ, ó sì ń fara da gbígbo, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùrà mọ apá tí wọ́n lò. Apá òkè, níbi tí irun ti hù, ló le jù. Èyí tí wọ́n là kúrò lábẹ́ rẹ̀ kò lágbára tó o, bó tilẹ̀ jọ ọ́ lójú. Ti ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀ gan-an: ihò irun rẹ̀ la awọ já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń mí, omi sì ń tètè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá gbẹ, kì í sábà le gan-gan. Awọ àgùntàn onírun wúùlù rọ̀, ó sì tètè ń ya. Ti àgùntàn ilẹ̀ olóoru tí kò ní wúùlù, bíi ti Etiópíà, dúró ṣinṣin jù ú lọ, àwọn tó ń rán ìbọ̀wọ́ sì kà á sí púpọ̀.

Ìbọ̀wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìbọ̀wọ́ síkì ti ṣẹ̀. Ní abúlé Hestra ní gúúsù Sweden, ìbọ̀wọ́ awọ fún àwọn agégẹdú ni Martin Magnusson fi bẹ̀rẹ̀ ní 1936, kí ilé iṣẹ́ náà tó yà sọ́dọ̀ àwọn onísíkì òkè Isaberg tó wà nítòsí. Ní Amẹ́ríkà, ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ Kinco, tí wọ́n fi awọ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkè síkì, bí kò tilẹ̀ wọ́n.

Ojú rírán ṣe pàtàkì tó awọ. Èyí tí wọ́n rán lẹ́ẹ̀mejì, tí àfikún awọ sì wà ní àtẹ́lẹwọ́, ló máa ń pẹ́. Rírán tí ojú rẹ̀ wà níta kì í ha ìka, àmọ́ òwú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbo.

Inú ìbọ̀wọ́

Thinsulate ti ilé iṣẹ́ 3M jẹ́ okùn tín-ínrín tó ń há afẹ́fẹ́ mọ́. Nítorí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe PrimaLoft, okùn àtọwọ́dá mìíràn tó ń mú ooru dání, ní àwọn ọdún 1980, kí ó lè rọ́pò ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, tí kì í móoru mọ́ bó bá ti rẹ. Wúùlù lè fa omi tó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ kí ó tó dà bí ohun tó rẹ. Gore-Tex, ìpele tín-ínrín kan tó wá láti inú ohun tí Robert Gore ṣàwárí ní 1969, ń dí omi lọ́nà, ó sì ń jẹ́ kí ooru òógùn jáde. Ìwúlò rẹ̀ hàn jù níbi tí òjò dídì ti rin.

Òṣùwọ̀n Yúróòpù EN 511 fún ìbọ̀wọ́ òtútù ní nọ́ńbà mẹ́ta: ti òtútù inú afẹ́fẹ́ àti ti òtútù ohun tí ọwọ́ kàn, láti 0 dé 4, àti ti omi, 0 tàbí 1. Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ ni wọ́n torí ẹ̀ gbé e kalẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìbọ̀wọ́ síkì ló ní i.

Ìtọ́jú

Gbígbẹ nítòsí iná tàbí ẹ̀rọ amúlégbóná ló ń ba awọ jẹ́ jù. Ooru ń fa òróró inú rẹ̀ gbẹ, awọ á le, á sì sán. Awọ tí wọ́n fi kúrómíọ̀mù, èròjà irin kan, tọ́jú kó má baà jẹrà lè fara da ooru ju èyí tí wọ́n fi èèpo igi tọ́jú lọ, ṣùgbọ́n òróró ń jáde lára àwọn méjèèjì. Ìgbà tí awọ bá gbẹ ni wọ́n ń fi ìda oyin tàbí òróró awọ pa á, pàápàá lójú rírán, lẹ́ẹ̀mélòó kan láàárín ìgbà òtútù. Ìbọ̀wọ́ tí inú rẹ̀ ṣeé fà yọ a tètè gbẹ, inú náà sì ṣeé pààrọ̀ nígbà tí awọ òde ṣì lágbára.