Iye àkókò àdéhùn alágbàtà ilé

Àkókò àdéhùn alágbàtà ilé ni iye ọjọ́ tàbí oṣù tí ìwé tí alágbàtà àti ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un jọ fọwọ́ sí fi ń lágbára. Ẹni tó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ lè jẹ́ onílé tó fẹ́ ta ilé rẹ̀, ẹni tó ń wá ilé rà, tàbí onílé tó fẹ́ kí wọ́n máa bá òun bójú tó àwọn ayálégbé. Àdéhùn ilé títà ni òfin sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Oṣù mẹ́ta sí oṣù mẹ́fà ló wọ́pọ̀ fún un ní Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Ọjọ́ ìparí tó wà nínú ìwé kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọjọ́ tí gbèsè tó rọ̀ mọ́ ọn ń tán, níbẹ̀ sì ni aáwọ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Irú àdéhùn

Nínú irú àdéhùn tó le jù, alágbàtà kan ṣoṣo ló ni iṣẹ́, owó rẹ̀ sì ti jẹ́ gbèsè bí ilé bá ti tà láàárín àkókò náà, ẹni yòówù kó mú olùrà wá, ìbáà ṣe onílé fúnra rẹ̀. Irú kejì jọ ọ́, àfi pé bí onílé bá dá olùrà rí, kò jẹ alágbàtà ní nǹkan kan. Irú kẹta ṣí sílẹ̀ fún alágbàtà púpọ̀. Ẹni tó bá mú olùrà wá nínú wọn ló ń gbowó.

Méjì àkọ́kọ́ ni gbèdéke ṣe pàtàkì fún. Alágbàtà ń ná owó ara rẹ̀ sórí àwòrán àti ìpolówó kí ilé tó tà, ó sì fẹ́ àkókò tó tó láti rí i gbà padà. Onílé ní tirẹ̀ ti so ara rẹ̀ lọ́wọ́, kò lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn bí ti àkọ́kọ́ kò bá ṣe dáadáa. Ti ẹ̀kẹta kì í sábà ní gbèdéke kan tó le. Onílé lè gba iṣẹ́ padà nígbà tó bá wù ú.

Ilé ìtajà, oko àti ilé olówó ńlá máa ń gba àkókò ju ilé gbígbé lásán lọ, nítorí pé olùrà wọn kò pọ̀. Bí ọjà bá kú, àwọn alágbàtà a máa béèrè àkókò tó gùn sí i.

Ohun tí òfin sọ

Àwọn ilẹ̀ kan fi òdiwọ̀n sí i tààrà. Ní Sweden, iṣẹ́ tí alágbàtà kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tó bá ku oṣù kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ kó parí. Ní Norway, oṣù mẹ́fà ni. Ní ìpínlẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà, òfin ọdún 2014 fi ọjọ́ 90 ṣe òpin irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fún ilé gbígbé.

New Zealand gba ọ̀nà mìíràn. Òfin rẹ̀ ti ọdún 2008 kò ní kí àdéhùn ilé gbígbé má gùn, àmọ́ bó bá ju ọjọ́ 90 lọ, onílé tàbí alágbàtà lè fagi lé e nígbàkigbà lẹ́yìn ọjọ́ 90 náà. Ti Faransé fara pẹ́ ẹ: òfin ọjọ́ 2 Oṣù Kìíní ọdún 1970, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Loi Hoguet, ní kí àdéhùn wà ní kíkọ, kó sì ní gbèdéke. Ìlànà ọdún 1972 tó tẹ̀lé e wá fàyè sílẹ̀ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni tó bá fẹ́ lè jáwọ́ nínú èyí tó jẹ́ ti alágbàtà kan ṣoṣo, bó bá ti fi tó ẹnì kejì létí ní ọjọ́ 15 ṣáájú.

Ní Jámánì, ilé ẹjọ́ ló là á. Lọ́dún 2020, Bundesgerichtshof, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, dájọ́ pé oṣù mẹ́fà bójú mu nínú ìwé tí alágbàtà ti tẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀, àti pé kí oṣù mẹ́ta máa kún un bí onílé kò bá sọ̀rọ̀ kò burú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hàn kedere sí onílé pé dídákẹ́ òun ni yóò mú kí ó máa gùn sí i.

Bírítéènì kò fi òdiwọ̀n lélẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí ọ̀sẹ̀ 16 ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìfitónilétí ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí Estate Agents Act ọdún 1979 àti ìlànà ọdún 1991 béèrè ni pé kí alágbàtà ṣàlàyé owó iṣẹ́ àti irú àdéhùn náà kí ọwọ́ onílé tó tẹ ìwé.

Bí ìwé kò bá dárúkọ ọjọ́ ìparí rárá, òfin lè bá wọn fi í sí i. Ní Québec ní Kánádà, ọjọ́ 30 ni. Ní Victoria ní Ọsirélíà, ọjọ́ 60 ni, tàbí ọjọ́ 30 lẹ́yìn gbàǹjo bó bá jẹ́ gbàǹjo ni wọ́n fẹ́ fi tà á.

Àdéhùn ogójì ọdún

Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn onílé ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n lè fọwọ́ sí i pé òun ni yóò bá wọn ta ilé, nígbàkigbà tó bá wù wọ́n láti tà á láàárín 40 ọdún. Wọ́n tún forúkọ ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tó fi rọ̀ mọ́ ilé náà bíi gbèsè. Láti òpin ọdún 2022 ni àwọn agbẹjọ́rò àgbà Florida, Pennsylvania àti Massachusetts ti pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ṣòfin lẹ́yìn ìyẹn. Ti California, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní ọdún 2024, fi oṣù 24 ṣe òpin àdéhùn alágbàtà kan ṣoṣo fún ilé gbígbé, àti oṣù 12 fún ìtúnṣe kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ọjọ́ ìparí

Ká ní alágbàtà mú ẹnì kan wá wo ilé ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Onílé àti ẹni náà dákẹ́ títí ọjọ́ fi pé, wọ́n wá dúnàádúrà láàárín ara wọn, pẹ̀lú èrò pé owó alágbàtà ti bọ́ sílẹ̀. Nítorí irú èyí ni ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn fi ní àkókò ààbò, tó sábà máa ń wà láàárín ọjọ́ 30 sí ọjọ́ 180 lẹ́yìn ọjọ́ ìparí. Bí ẹni tí alágbàtà mú wá bá ra ilé láàárín rẹ̀, owó iṣẹ́ pé. Àdéhùn oṣù mẹ́ta tó ní ààbò oṣù mẹ́fà, ká sọ òótọ́, oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń di onílé mú.

Bí wọ́n ṣe kọ gbólóhùn náà ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn kan ní kí alágbàtà kọ orúkọ àwọn tó mú wá fún onílé kí àdéhùn tó parí tàbí ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ tí kò bá sí níbẹ̀ kò ní ààbò. Àwọn mìíràn kàn sọ pé "ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa ilé náà," èyí tó gbòòrò gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, ààbò náà a parẹ́ bí onílé bá ti gbé iṣẹ́ fún alágbàtà mìíràn, kó má baà san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí irú gbólóhùn yìí kò bá sí, ewu owó méjì náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbá lásán.

Kódà bí ìwé kò bá sọ nǹkan kan nípa ààbò, àwọn ilé ẹjọ́ tó ń tẹ̀lé ìlànà òfin Gẹ̀ẹ́sì lè béèrè ta ni iṣẹ́ rẹ̀ mú kí ọjà náà wáyé ní ti gidi. Bó bá jẹ́ alágbàtà àkọ́kọ́ ni, ó ṣeé ṣe kó gbowó rẹ̀ lẹ́yìn tí àdéhùn ti parí.

Fífagi lé àdéhùn

Onílé lágbára láti gba àṣẹ lọ́wọ́ alágbàtà ṣáájú ọjọ́, ṣùgbọ́n níní agbára yàtọ̀ sí níní ẹ̀tọ́: ó lè di dandan kó san owó ìpolówó tàbí owó ìtanràn. Àwọn òfin kan fún un láyè kúkúrú láti tún èrò rẹ̀ pa. Ní New Zealand, títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó gba ẹ̀dà ìwé ni. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọjọ́ 14 ni, bó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ilé oníbàárà ni wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Àwọn tó ń ra ilé

Láti ọjọ́ 17 Oṣù Kẹjọ ọdún 2024, lẹ́yìn tí National Association of Realtors, ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà ilé ní Amẹ́ríkà, ti parí ẹjọ́ kan ní ìtùnbí-ìnùbí, alágbàtà tó wà lábẹ́ ìlànà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní àdéhùn kíkọ pẹ̀lú olùrà kó tó mú un wo ilé. Ó lè jẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí ilé kan péré. California fi oṣù mẹ́ta ṣe òpin rẹ̀ láti ọdún 2025.

Bíbójú tó ilé àyálégbé

Ọdún kan ló wọ́pọ̀ fún àdéhùn yìí, tí wọ́n á máa tún ṣe, pẹ̀lú ìfitónilétí ọjọ́ 30 sí 60 fún ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́.