Fífi ẹ́ńjìnnì big-block ọkọ̀ akẹ́rù sínú muscle car

Fífi big-block ọkọ̀ akẹ́rù sínú muscle car jẹ́ iṣẹ́ kan tó gbilẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á yọ big-block, ìyẹn ẹ́ńjìnnì V8 ńlá tó ní sìlíńdà mẹ́jọ, lára pick-up, ọkọ̀ akẹ́rù tàbí ọkọ̀ alágbèéká tí èèyàn lè sùn sí, wọ́n á sì gbé e sínú muscle car, ìyẹn ọkọ̀ eléré alágbára tó jáde láàárín 1964 sí 1972, bíi Chevelle, Camaro, Mustang tàbí Charger. Big-block tí wọ́n dìídì ṣe fún muscle car ti wọ́n gógó, bẹ́ẹ̀ ti ọkọ̀ akẹ́rù ṣì wà ní ọgbà àwọn tó ń tú ọkọ̀ ògbólógbòó. Bí èèyàn bá wo méjèèjì láti òkèèrè, kò ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ohun tí wọ́n dè mọ́ ẹ́ńjìnnì náà lára àti iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rọ ọ́ ni wọ́n fi yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ owó iṣẹ́ yìí ń lọ.

Ìtàn

Ní àwọn ọdún 1960, General Motors kò gbà kí ẹ́ńjìnnì tó bá ju 400 kúbíìkì ínṣì lọ, ìyẹn lítà 6.6, wọ inú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ kéékèèké àti ti ìwọ̀n àárín, àfi Corvette. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ kan wá ọgbọ́n dá sí i. Don Yenko ní Canonsburg, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ń fi ẹ́ńjìnnì 427 (kúbíìkì ínṣì ni nọ́ńbà yìí àti irú rẹ̀ tó kù ń tọ́ka sí) sínú Camaro 1967 tuntun kó tó tà á. Ọdún 1970 ni wọ́n mú òfin náà kúrò, Chevelle SS 454 sì jáde. Họ́ọ̀sìpáwà 450 ni ilé-iṣẹ́ kọ sí irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LS6.

Òfin tó de èéfín ọkọ̀ àti owó ìníṣọ́ránsì tó ga sókè kò jẹ́ kí ayé yẹn pẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà kò kú ṣá o, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbà á lálejò. Ẹ́ńjìnnì 454 wọ pick-up Chevrolet ní 1973, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2000. Ní ti Ford, wọn kò yé fi 460 sínú ọkọ̀ akẹ́rù títí di 1997.

Mímọ bulọ́ọ̀kì tí èèyàn rà

Ọ̀rọ̀ Chevrolet ló gba àlàyé jù, nítorí òun ni wọ́n ń lò jù. Nọ́ńbà tí wọ́n dà mọ́ bulọ́ọ̀kì, ìyẹn irin ńlá tí sìlíńdà wà nínú rẹ̀, wà lẹ́yìn, ní apá òsì, lókè ibi tí gíà ti so mọ́ ọn. Gírísì àti iyẹ̀pẹ̀ ọdún gbọọrọ ló sábà máa ń bò ó. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti kẹrosíìnì ló ń ṣí i síta, kò sì yẹ kí ẹni tó ń rajà sanwó kó tó kà á.

Ìdí ni pé oríṣi 427 méjì ló wà. Ti ọkọ̀ kékeré ga tó ínṣì 9.8 láti àárín kíráńkì, ìyẹn irin tí písítìnì ń yí, dé orí bulọ́ọ̀kì, ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ga tó 10.2. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìbú ìka, àmọ́ ó ń mú kí tọ́ọ̀pù sìlíńdà méjèèjì jìnnà síra, débi pé mánífóòdù tí kábúrétọ̀ ń jókòó lé kò ní ṣe rẹ́gí mọ́, dísíríbútọ̀ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì kò sì ní wọlé dé ibi tó yẹ. Bulọ́ọ̀kì gíga yìí lágbára, písítìnì rẹ̀ sì máa ń ní ríìngì mẹ́rin dípò mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì 366 náà wà lára àwọn gíga. Ihò sìlíńdà rẹ̀ kéré, ínṣì 3.935 péré, nítorí náà kò dára fún ẹni tó fẹ́ fi fáàfù ńlá sí i. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe lórí 366 kò yẹ kó tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ẹ́ńjìnnì 454 ló rọrùn jù, torí pé kò ga ju ti ọkọ̀ kékeré lọ. Àmọ́ ohun kan wà lára rẹ̀ tó ti ba ẹ́ńjìnnì ọlọ́pọ̀ èèyàn jẹ́. Inú kíráńkì 396, 402 àti 427 ni ìwọ̀n tí kì í jẹ́ kó gbọ̀n pé sí. Ní ti 454 tó jáde láàárín 1970 sí 1990, apá kan ìwọ̀n náà wà lára púlì iwájú àti fíláíwíìlì. Bí wọ́n bá yọ púlì 396 tí wọ́n fi sí 454, ọkọ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ béárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Láti 1991, síìlì ẹ̀yìn kíráńkì di ẹlẹ́yọ kan, fíláíwíìlì àtijọ́ kò sì bá a mu mọ́. Bulọ́ọ̀kì ọdún náà kò tún ní ibi tí wọ́n ń de pọ́ọ̀mpù epo mọ́, ó di dandan kí wọ́n lo oníná. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà àtijọ́ sì lè máa jo omi lórí rẹ̀ bí gáàsíkẹ́ẹ̀tì kò bá jẹ́ èyí tó yẹ.

Agbára

Wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù kó lè fa ẹrù gun òkè fún wákàtí púpọ̀. Ìfúnpọ̀ rẹ̀, ìyẹn bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó, sábà máa ń wà ní nǹkan bí 8 sí 1, nígbà tí ti LS6 jẹ́ 11.25 sí 1. Ihò afẹ́fẹ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà rẹ̀ há, káàmù rẹ̀, ìyẹn irin tó ń ṣí fáàfù, sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì yára yípo. Họ́ọ̀sìpáwà 290 ni 454 ọdún 1996 ní, orí ìyípo 4,000 ní ìṣẹ́jú kan ló sì ti ń mú un jáde. Ti LS6 ń dé orí 5,600. A kò gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà, torí pé láti 1972 ni wọ́n ti ń wọn ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà pẹ̀lú fáànù, sàlẹ́ńsà àti gbogbo ohun tó ń jẹ lára agbára rẹ̀. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà àti káàmù ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wà fún ojú títì nìkan, káàmù tuntun, mánífóòdù tó dára àti sàlẹ́ńsà tó ń mí dáadáa ti tó o. Fífà tí ẹ́ńjìnnì yìí ń fà láti ìsàlẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀.

Gbígbé e wọlé

Ihò tí wọ́n fi ń de gíà mọ́ small-block (V8 tó kéré sí i) àti big-block Chevrolet kò yàtọ̀, èyí tó ń dín wàhálà kù. Àmọ́ small-block wúwo tó nǹkan bí 260 kílò, 454 onírin sì tó nǹkan bí 310, nítorí náà sípíríìngì iwájú, rédíétọ̀ àti bíréèkì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ìjókòó ẹ́ńjìnnì tó wà lára férémù náà ní ti big-block tirẹ̀. Sọ́ọ̀mpù óìlì ọkọ̀ akẹ́rù lè kan irin tó dábùú abẹ́ férémù. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, páìpù tí pọ́ọ̀mpù fi ń fa óìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bá sọ́ọ̀mpù tuntun mu. Wọ́tà pọ́ọ̀mpù ọkọ̀ títí di 1968 kúrú, ti 1969 síwájú gùn, púlì àti ìdè ọ̀kan kò sì bá ìkejì ṣe.

Kí wọ́n tó ti bọ́ńẹ́ẹ̀tì pa, wọ́n máa ń mọ amọ̀ rírọ̀ sórí àgbá afẹ́fẹ́ kábúrétọ̀, wọ́n á rọra gbé bọ́ńẹ́ẹ̀tì bò ó, wọ́n á tún ṣí i. Bí amọ̀ náà ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ tó ló ń sọ àyè tó kù.

Ford àti Chrysler

Nínú Mustang tó jáde títí di 1970, ilé ṣọ́kì tó yọ sí inú ibi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó ni ìṣòro. Fún Boss 429, irú Mustang kan tó ní ẹ́ńjìnnì ńlá, ilé-iṣẹ́ Kar Kraft ní Brighton, ìpínlẹ̀ Michigan, ní láti tún ilé ṣọ́kì náà ṣe kí ẹ́ńjìnnì tó lè wọlé. Ẹ̀ka 429 ni 460 ti wá, ohun kan náà ló sì ń dojú kọ ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Àwọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù FT, ìyẹn 330, 361 àti 391, fara jọ 390, ṣùgbọ́n orí kíráńkì wọn tóbi ju tirẹ̀ lọ. Ní ti Chrysler, 440 wọlé síbi tí 383 ti jáde láìsí ariwo púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bulọ́ọ̀kì rẹ̀ ga jù ú lọ.

Òfin àti iye ọkọ̀

Ìpínlẹ̀ California kì í yẹ èéfín ọkọ̀ oníbẹntiróòlù tó jáde ní 1975 tàbí ṣáájú rẹ̀ wò. Fún èyí tó jáde lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá fi sí i kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ọdún tó ṣáájú ọdún ọkọ̀ náà. Ní ti iye, ọkọ̀ tó ṣì ní ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde ní ilé-iṣẹ́, tí nọ́ńbà méjèèjì sì bára mu, ló ń pa owó, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń ta òróró sí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́, wọ́n á dì í pa mọ́, wọn kì í sì í gé irin kankan lára ọkọ̀ náà.