Àyà Tó Já: Orísun Ìtọ́jú Àwọn Ajìjàgbara

Ìyá ìyá mi ní Ọ̀fà máa ń sọ pé bàbá àwọn kì í kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà jẹun. Bí ẹṣin bá fi pátákò kọlẹ̀ níta, òkèlè á bọ́ lọ́wọ́ wọn sínú ọbẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tó jà nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ká ìlú mọ́, títí Ọ̀fà fi tú ní 1890. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í sọ ti ìjà yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ogun fi sínú wọn yẹn, ìjáyà ni wọ́n ń pè é nílé wa. "Já" àti "àyà" ni: bí okùn kànga ṣe ń já, tí korobá á wà nísàlẹ̀, tí ẹ ò ní rí nǹkan fi fà á. Èmi gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sẹ́nu ti wo ojú ẹni tó ti ogun dé. Ó lè jẹ́ ìgbà ogun Jálumi, ní 1878, ó sì lè ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀fà ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti wá o. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá bá mi jàkadì.

Àwọn kan sọ pé Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìjáyà ogun, torí pé 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam, ni PTSD, orúkọ tí àwọn dókítà ń pe irú ìjáyà yìí, wọ ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ wọn. Wọ́n pẹ́ dé.

Ní Nẹ́dálándì tí Jámánì gbà ní 1940, àwọn ajìjàgbara, ìyẹn àwọn tó ń gbé Júù pamọ́, tó ń tẹ ìwé ìròyìn ní bòókẹ́lẹ́, kì í ṣe ológun. Ta ni yóò wá bọ́ ìdílé wọn? Àwọn fúnra wọn ló dá àjọ ìrànwọ́ kan, Stichting 1940-1945, sílẹ̀ ní 1944, nígbà tí ọ̀tá ṣì wà nílẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì wọn jáde ní 1947. Ọ̀pọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ, ìjáyà náà wá jí lẹ́yìn ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Dókítà Jan Bastiaans, oníṣègùn ọpọlọ níbẹ̀, ti kọ̀wé lé e lórí ní 1957. Ó tún ń fún àwọn kan ní LSD, oògùn tó ń mú kéèyàn rí ohun tí kò sí, kí ohun tó dì sínú wọn lè tú. Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn ẹ̀.

Àwọn dókítà Dẹ́nmárkì ti kọ tiwọn ní 1954, nípa àwọn ajìjàgbara tó ti àgọ́ ẹ̀wọ̀n Jámánì bọ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tiwa, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, níbi tí aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé láàárín ará ìlú.

Ní 1973, ilé ìtọ́jú kan, Centrum '45, ṣí ní Oegstgeest ní Nẹ́dálándì fún àwọn ajìjàgbara. Nígbà tó yá, wọ́n ń gba àwọn ọmọ wọn àti àwọn asásálà.

Ní ti bàbá wa, ìyàwó wọn ló tún ẹní wọn tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wọ́n lè máa wo ẹnu ọ̀nà bí wọ́n bá ń jẹun.