Wọ́n San Mílíọ̀nù 22 Dọ́là, Wọ́n Tún Ní Kí Wọ́n Wá San Sí I

Lóṣù Kejì ọdún 2024, àwọn ọ̀daràn fi ransomware ti kọ̀ǹpútà Change Healthcare pa, ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ń tipasẹ̀ rẹ̀ gba owó. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà san owó ìtúsílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn tún yọjú, tí wọ́n ń bèèrè tiwọn.

Kí ni ransomware?
Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa mọ́ onífáìlì lọ́wọ́, kí ó lè wá ra kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n ti sanwó. Kí ló tún kù?
Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn kan ló ń kọ ètò náà. Àwọn mìíràn tó yá a lò ló ń wọlé onílé, wọ́n á sì jọ pín owó. Kí wọ́n tó ti fáìlì pa, wọ́n á ti kó ẹ̀dà rẹ̀ lọ, kí wọ́n lè fi àṣírí oníbàárà halẹ̀ mọ́ni. Níbí, ẹgbẹ́ ALPHV, tó ni ètò náà, gbowó tán, wọ́n palẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá wọn wọlé figbe ta pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, ẹ̀dà fáìlì sì ń bẹ lọ́wọ́ òun. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ọ̀daràn mìíràn, RansomHub, ní ẹ̀dà náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn. Olè gbé e, olè gbà á.

Ṣé wọn kì í pa ẹ̀dà náà rẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí ni?
Nígbà tí ọlọ́pàá gba ẹ̀rọ LockBit, ẹgbẹ́ ransomware mìíràn, lóṣù kan náà, wọ́n bá fáìlì àwọn tó ti sanwó níbẹ̀.

Ọgbọ́n wo ni wọ́n fi wọ Change Healthcare?
Ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n jí ni. Andrew Witty, tó jẹ́ ọ̀gá UnitedHealth nígbà náà, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ni Change Healthcare, jẹ́wọ́ fáwọn aṣòfin pé ẹnu ọ̀nà yẹn kì í bèèrè ẹ̀rí kejì, bíi kóòdù orí fóònù. Wọ́n wọlé lọ́jọ́ 12 oṣù Kejì. Ọjọ́ 21 ni wọ́n tó ti fáìlì pa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi rìn káàkiri inú ilé.

Kí ni kí oníṣòwò ṣe?
Ẹ fi ẹ̀rí kejì sí gbogbo ibi tí wọ́n lè ti òkèèrè wọlé. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà fáìlì kan síbi tí kò so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, torí ẹ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá bàjẹ́. Kí ẹ sì máa dán an wò bóyá ó ṣì ń ṣí.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́?
Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣeé ṣe, ẹ má pa á: ohun tí àwọn olùwádìí ń wá lè parẹ́. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Kí ẹ tó ronú owó, ẹ wo ìkànnì No More Ransom, tí Europol, àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù, àti ọlọ́pàá Netherlands wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2016. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní kọ́kọ́rọ́ àwọn ransomware tí wọ́n ti rí ojútùú sí.