Ọ̀bẹ Kékeré Létí Aṣọ Ìnujú: Ibi Tí Fífì Gọ́ọ̀fù Láìlọ́jú Pọ̀ Ti Ṣẹ̀

Kò sí ẹni tó ṣe sẹ́kọ́ńdìrì ní Iléṣà nígbà tiwa tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ pọ́ṣọ̀n. Bóo pẹ́ dé ni o, bóo sọ Yorùbá ní kíláàsì ni o, wọ́n á wọn ilẹ̀ koríko fún ọ, wọ́n á ní o ò gbọdọ̀ relé bí o kò bá gé e tán. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní tèmi, mo di àdá mú gírígírí, mo ń bá koríko jà bí ẹni pé ó jẹ mí lówó. N kò tíì dé ìdajì tí ọwọ́ mi ti bó. Síníọ̀ kan tó ń kọjá lọ dúró, ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ, ta ló ní kóo fipá gé e? Jù ú. Àdá náà mọ̀nà." Ó gba àdá lọ́wọ́ mi, kò dì í mú ju bí èèyàn ṣe ń di ìgbálẹ̀ mú lọ, ó jù ú lọ, ó jù ú bọ̀, koríko sì ń sùn lọ gbalaja níwájú rẹ̀.

Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí gọ́ọ̀fù tó dé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì n'Ílé-Ifẹ̀ ló kó o ràn mí. Ó fún mi ní ọ̀pá gọ́ọ̀fù kan tó ti gbó, irin nọ́ńbà méje, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù bíi mẹ́wàá, ó ní kí n máa gbá a lẹ́yìnkùlé kí òun tó mú mi dé pápá. Ó kọ́ mi ní bí mo ṣe máa dúró. Ó ní, "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tẹ orúnkún díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ jókòó tí kò rí àga." Mo ní kó má dà mí láàmú, pé ọmọ Òṣómàáló ni mí, àwọn bàbá wa ti lóṣòó gba gbèsè dé ìlú onílùú kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa ní ìlóṣòó. Ibẹ̀ yẹn dùn. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo gbé fóònù mi jáde láti wá àfikún ẹ̀kọ́. Ọ̀kan ní kí n má gbé orí. Ìkejì ní kí apá òsì nà gbọọrọ. Ìkẹta ní ìbàdí ló ń kọ́kọ́ yí, ìkẹrin ní rárá, èjìká ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń dúró lórí bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n ní kó ka Sáàmù láti ẹ̀yìn wá síwájú, bí mo bá sì gbá a tán, bọ́ọ̀lù á wà níbi tó wà, ilẹ̀ ni yóò fò sókè.

Ọ̀rẹ́ mi ló wá bi mí pé ṣé mo mọ ìtàn Ernest Jones, olùkọ́ gọ́ọ̀fù tó ní ẹsẹ̀ ẹyọ kan. N kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ ni mo wá rí i pé bí gọ́ọ̀fù ṣe di ohun tó lọ́jú pọ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, bí ẹnìkan ṣe tú u palẹ̀ náà sì ní tirẹ̀.

Scotland ni gọ́ọ̀fù ti wá. Ìwé òfin tó kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, òfin tí wọ́n fi ká a lọ́wọ́ kò ni: lọ́dún 1457, ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọba James Kejì fòfin de gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ti fi ọfà títa sílẹ̀, ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń bẹ nílẹ̀. Kò ju ọdún márùndínláàádọ́ta lọ tí James Kẹrin, ọmọ-ọmọ ọba yìí kan náà, fi ra ọ̀pá gọ́ọ̀fù lọ́wọ́ ẹni tó ń gbẹ́ ọrun ní Perth, ní 1502. Ẹ rò ó wò: agbẹ́run ló ń gbẹ́ ọ̀pá. Bí èèyàn bá wá mọ̀ bí igi ṣe ń tẹ̀ tó sì ń padà, agbẹ́run ni. Láyé ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń fi ẹnu kọ́ni ní gọ́ọ̀fù. Ọmọdé á tẹ̀lé àgbà lọ sí etíkun, á máa gbé ọ̀pá fún un, á máa wò ó, tó bá ráyè á gbá tirẹ̀. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà lọmọ alágbẹ̀dẹ ṣe ń mọ òòlù lù. Bàbá rẹ̀ kò jókòó tì í kó máa ṣàlàyé ìgúnpá àti ọrùn-ọwọ́ fún un. Ẹwìrì ló máa ń fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú rẹ̀ á máa wo ọwọ́ bàbá.

Ohun èlò ló kọ́kọ́ mú ìyàtọ̀ wá. Bọ́ọ̀lù ìgbà náà, awọ ni wọ́n rán tí wọ́n ki ìyẹ́ ẹyẹ sínú rẹ̀ títí tó fi le. Ó wọ́n, ó sì tètè ń bẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1848 ni bọ́ọ̀lù oje igi gutta-percha dé, owó rẹ̀ wálẹ̀, àwọn tálákà rí gọ́ọ̀fù gbá. Ní 1898, Coburn Haskell ti Amẹ́ríkà wé okùn rọ́bà ṣe bọ́ọ̀lù tó ń fò lọ jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀. Bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn tó fẹ́ fi owó kọ́ ọ ń pọ̀ sí i, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń gùn. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé, Sir Walter Simpson, ti fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà kú láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1887 ló kọ ọ́ pé ohun kan ṣoṣo ló pọn dandan nínú gọ́ọ̀fù, kí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù náà. Gbogbo ìyókù, bó bá ṣe wù ọ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá ìwé kíkọ wọn lọ.

Ọdún 1887 yẹn gan-an ni wọ́n bí Ernest Jones ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. (Kì í ṣe Bobby Jones tó gba ife ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dún 1930 o, orúkọ ló jọ.) Jones tiwa yìí di ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù jẹun nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Chislehurst, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ka ohun tí Simpson kọ, ó sì wọ̀ ọ́ lára. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ wá dé, ó wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kẹta ọdún 1916, bọ́ǹbù ṣe é léṣe ní agbègbè Loos. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ohun tí àwọn olùkọ́ ń wí nígbà náà, orí ẹsẹ̀ méjì ló dá lé. Gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún nígbà tí o bá ń gbé ọ̀pá sókè, kó ara padà sórí ẹsẹ̀ òsì nígbà tí o bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọkùnrin tí kò ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, báwo ni yóò ṣe gbé ara lé e? Bí ẹ̀kọ́ wọn bá jẹ́ òótọ́, iṣẹ́ Jones ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ọdún ogun rẹ̀ tó jìnnà, kó tó di pé ó ní ẹsẹ̀ onígi, ó gbé ọ̀pá ìtìlẹ́yìn sí abíyá, ó lọ gbá gọ́ọ̀fù ní pápá Royal Norwich. Tó bá dé ìdí bọ́ọ̀lù, á fi ọ̀pá ìtìlẹ́yìn sílẹ̀, á dúró lórí ẹsẹ̀ kan, á gbá a. Ihò méjìdínlógún, ìgbá 83; nínú gọ́ọ̀fù, bí ìgbá bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì, tó ń gbá a ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, tó bá rí 83, ọtí ni yóò ra fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún lọ sí Clacton, ó gbá 72.

Ibi tí mo ti gba tirẹ̀ ni pé kò fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ó jókòó, ó ro ìdí rẹ̀. Kí ló wà lára òun tí ogun kò gé dànù? Ọwọ́ òun ṣì mọ ohun tí òun fẹ́ kí orí ọ̀pá ṣe. Tí ọwọ́ bá ti ń fì í, ara tó kù á wá ọ̀nà tí yóò gbà tẹ̀lé e, yálà ẹsẹ̀ méjì ló wà nílẹ̀ tàbí ẹyọ kan. Ìbàdí, èjìká, ẹsẹ̀, àwọn tí olùkọ́ ń pè ní ìdí ọ̀rọ̀, ọmọ ẹ̀yìn ni wọ́n. Fífì orí ọ̀pá ni ìdí ọ̀rọ̀.

Ó wá wá ohun tí yóò fi fi hàn. Ó so ọ̀bẹ kékeré inú àpò mọ́ etí aṣọ ìnujú, ó di etí kejì mú. Tí o bá fì í wọ́ọ́rọ́wọ́, aṣọ á nà, ọ̀bẹ á lọ á bọ̀, ọ̀bẹ àti ọwọ́ á jọ máa rìn. Tí o bá fẹ́ fipá tì í, aṣọ á ká, ọ̀bẹ á máa jó kiri. Aṣọ kò ṣeé fi ti nǹkan. Jones á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú lọ́wọ́ kan, aṣọ àti ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì, kó máa fì méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀bẹ bá ti ń já aṣọ gbà, ó ti fi ipá dípò fífì nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀.

Àwa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í gbọ́ èyí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá ti ṣọ́ oko ìrẹsì rí mọ kànnàkànnà. Òkúta wà nínú awọ, okùn wà lọ́wọ́, o ń jù ú yí, o ń jù ú yí, o tú etí okùn kan sílẹ̀, ẹyẹ ti rí ogun. Ta ló ń fi ejìká ti òkúta kànnàkànnà? Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, orí ara rẹ ni yóò bà.

Lọ́dún 1924 Jones kọjá sí Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ àwọn obìnrin ní ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kan ní Long Island. Nígbà tó yá, ó kó wọ àárín ìgboro New York, inú yàrá kan ní Fifth Avenue ló ti ń kọ́ni. Kò sí koríko níbẹ̀, kò sí ihò; bọ́ọ̀lù kàn ń lu aṣọ ni. Kò jọ ọ́ lójú, nítorí kì í ṣe ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí ló ń wò. Virginia Van Wie, tó gba ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà nígbà mẹ́ta tẹ̀ léra, ní 1932, 1933 àti 1934, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni. Ó kọ́ni títí ọjọ́ ogbó fi dé, ó sì kú ní 1965.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ọ̀pá onígi hickory, tó máa ń lọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fipá lò ó, ti ń kógbá wọlé. Amẹ́ríkà gba ọ̀pá irin láàyè ní 1924, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù ní St Andrews, ní Scotland, náà gbà á ní 1929. Irin kì í lọ́ bí igi, ó gba ipá, ẹ̀kọ́ tuntun sì dé fún ipá náà. Kámẹ́rà tún dé, ó ń gé fífì sí wẹ́wẹ́. Ní 1957 Ben Hogan, ògbóǹtarìgì agbágọ́ọ̀fù ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ìwé ẹ̀kọ́ márùn-ún jáde, ayàwòrán sì ya pátákó gíláàsì kan tó gbé ara lé èjìká rẹ̀, tó dagun wá sórí bọ́ọ̀lù, pé kí ọ̀pá má fọ́ ọ. Èmi fẹ́ràn Hogan, kò sí bí mo ṣe máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ fi gíláàsì lé akọ́ṣẹ́ lórí, kí ẹ wo bí yóò ṣe gan. Ní 1969, Homer Kelley, tó ti ṣiṣẹ́ ní Boeing, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, ní Seattle, pín fífì gọ́ọ̀fù sí apá mẹ́rìnlélógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tún ní ẹ̀ka. Ilé iṣẹ́ TrackMan ti Denmark, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, ń fi rédà ka bí bọ́ọ̀lù àti ọ̀pá ṣe ń rìn. N kò ní àwọn ènìyàn yìí kò gbọ́n. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ orúkọ gbogbo nọ́ọ̀tì. Dírẹ́bà tó bá ń ka nọ́ọ̀tì nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè ni wàhálà.

Àkókò tí ń bẹ ńbẹ̀ kò tilẹ̀ gba kíkà. Láti òkè tí ọ̀pá ti ń bọ̀ títí tó fi kan bọ́ọ̀lù, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan ni. Ìgbà tí irin fi wà lára bọ́ọ̀lù, tí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ẹgbẹ̀rún, kò ju bí ìdajì ẹyọ kan lọ. Ní 1999, Gabriele Wulf, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí bí ara ṣe ń kọ́ nǹkan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn tí kò gbá gọ́ọ̀fù rí jọ, wọ́n ní kí apá kan máa fọkàn sí bí ọwọ́ wọn ṣe ń rìn, kí apá kejì máa fọkàn sí bí ọ̀pá ṣe ń fì. Àwọn tó fọkàn sí ọ̀pá ló gbá bọ́ọ̀lù súnmọ́ àmì jù, ó sì rí bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún wọn mọ́. Jones ti kú fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nígbà náà.

Nílẹ̀ wa níbí, àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé gọ́ọ̀fù dé, àwọn ọmọ wa tó ń gbé báàgì fún wọn ló sì kọ́ ọ láìsí olùkọ́. Orí iyanrìn tí wọ́n da epo pọ̀ mọ́, tí àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè ní bráwùn, ni wọ́n ti ń gbá a wọ ihò ní ọ̀pọ̀ pápá, nítorí koríko títẹ́jú náwó. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí mo bá dé pápá tó wà ní ilé ìtura MicCom ní Àdá, ní Ọ̀ṣun wa níbí, àwọn tó ń gbé báàgì ni mo máa ń wò. Fífì wọn kì í jọ ti inú ìwé. Bọ́ọ̀lù wọn ń lọ tààrà.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi sọ ìtàn yẹn tán, mo délé, n kò rí ọ̀bẹ àpò, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mọ́ etí aṣọ ìnujú mi, mo dúró lẹ́yìnkùlé, mo ń fì í lọ, mo ń fì í bọ̀. Màmá mi yọjú láti ilé ìdáná. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé kò sí o?"

Mo ní, "Kò sí o, màámi. Gọ́ọ̀fù ni."

Wọ́n ní, "Gọ́ọ̀fù tí kò ní bọ́ọ̀lù. Tóo bá ṣe tán, àdá ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, koríko ti kún ẹ̀gbẹ́ kànga."

Mo lọ mú àdá. Mo jù ú.