Runway: ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ IT sílẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀

Kí bàálù tó gbéra, ilẹ̀ ló ti kọ́kọ́ máa ń sáré. Á sáré títí eré náà á fi tó èyí tí afẹ́fẹ́ lè gbé, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ojú ọ̀nà tó ń sá lé tó tán. Tí ọ̀nà bá tán kó tó gbéra, ọgbọ́n awakọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́. Ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń pè ní runway, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ti yá ọ̀rọ̀ náà lò. Tí wọ́n bá ní runway àwọn ku oṣù mẹ́fà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ yìí, owó tó wà nílẹ̀ kò lè gbé iléeṣẹ́ náà kọjá oṣù mẹ́fà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wo iye tó ń jáde lóṣù, kí ẹ yọ iye tó ń wọlé lóṣù kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni wọ́n ń pè ní burn rate, ìyẹn owó tó ń jóná lóṣooṣù. Kí ẹ wá fi iye tó ń jóná yìí pín owó tó wà ní báńkì. Ká ní 9,000 ló wà ní báńkì, 2,000 ń jáde lóṣù, 500 ń wọlé. 1,500 ló ń jóná nìyẹn, oṣù 6 ló sì kù. Kì í ṣe pé tó bá di oṣù kẹfà lẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan ṣe o. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ ti so èso kó tó dìgbà yẹn.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé bí ẹnì kan bá ti ní òun fẹ́ dá iléeṣẹ́ IT sílẹ̀, ìyẹn iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi í ni pé èdè kọ̀ǹpútà wo ló gbọ́. Ṣé Python ni àbí JavaScript? Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ nínú gbogbo iléeṣẹ́ tó kógbá sílé níṣojú mi, n kò rí èyí tí èdè kọ̀ǹpútà pa. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dáa. Owó ló tán mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibi tí ìṣirò náà ti sábà máa ń wọ́ ni iye tó ń jáde. Ẹni tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ á kọ owó íntánẹ́ẹ̀tì, á kọ owó iná, á kọ owó ọ́fíìsì, kò ní kọ oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ó rò pé òun lè máa fara dà á. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àpò iléeṣẹ́ ló ti ń mú owó ilé ìwé ọmọ, kò sì kọ ọ́ síbi kankan. Ẹ kọ owó oṣù ara yín sínú ìwé láti ọjọ́ kìíní, bó tilẹ̀ kéré. Àwọn owó tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń wá náà wà níbẹ̀: orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, owó orí, owó àṣẹ láti lo sọ́fítíwíà kan. Ẹ fi 12 pín wọn, kí ẹ sì gbé ti oṣù kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀.

Bí runway ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó dá lórí irú iléeṣẹ́ IT tí ẹ fẹ́ dá sílẹ̀, torí oríṣi méjì ló wà, ìwà wọn kò sì jọra rárá. Àkọ́kọ́ ni iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn ẹlòmíì ṣiṣẹ́: ó ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún wọn, ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn, ó ń kọ sọ́fítíwíà tí wọ́n bá ní kó kọ. Irú èyí máa ń tètè rówó, àmọ́ ọjọ́ tí ọwọ́ bá dúró lowó náà dúró. Ìkejì ni iléeṣẹ́ tó kọ sọ́fítíwíà kan ṣoṣo, tó wá ń tà á fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tiwọn lè tó ọdún kan kí kọ́bọ̀ tó wọlé, àmọ́ tó bá ti ń tà, oníbàárà ẹgbẹ̀rún kò fi bẹ́ẹ̀ náni ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá fi runway ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti ìkejì ti ń wá wàhálà.

Bó bá jẹ́ èmi lẹ bi, ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Infosys, iléeṣẹ́ IT tó ti di òmìrán ní Íńdíà báyìí, ọdún 1981 ni àwọn méje dá a sílẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi dọ́là 250 tí wọ́n yá lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀kan nínú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, wọn kò ní kọ̀ǹpútà tiwọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń bá oníbàárà wọn kan ní New York ṣe ló gbé wọn ró. Mailchimp náà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún àwọn èèyàn ni, àwọn oníbàárà wọn wá ń fẹ́ ohun tí wọ́n á fi máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kọ ọ́ lọ́dún 2001, wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó gbájú mọ́ ọn. Wọn kò gba owó lọ́wọ́ olùdókòwò kankan, nígbà tó sì di 2021, Intuit ra ilé iṣẹ́ náà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 12 dọ́là. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń bọ́ wọn títí ọjà wọn fi dàgbà.

Àmọ́ ìtàn tó ṣàlàyé runway jù lójú mi ni ti Apple, lọ́dún 1976. Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, lọ bá Paul Terrell tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Byte Shop. Terrell ní òun á ra 50 nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe, dọ́là 500 lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á sì san owó lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti kó wọn dé. Jobs ti ta ọkọ̀ rẹ̀, Steve Wozniak tí wọ́n jọ dá a sílẹ̀ ti ta ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀, síbẹ̀ owó wọn kò lè ra èlò tí wọ́n á fi ṣe 50. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ Terrell han àwọn tó ń ta èlò, wọ́n sì gba ọjà láwìn, àwọn tó tà á ní kí wọ́n san án láàárín ọjọ́ 30. Ọjọ́ 30 yẹn ni gbogbo runway wọn. Wọ́n to ẹ̀rọ náà, wọ́n gbé e fún Terrell, wọ́n gbowó, wọ́n san gbèsè kí ọjọ́ tó pé. Ẹ jẹ́ ká kíyè sí i pé ẹni tó máa rà á ti wà kí wọ́n tó ra èlò.

Ẹnì kẹta wà níbẹ̀ tí wọn kì í sábà dárúkọ. Ronald Wayne ló ń jẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sì ni ìpín tirẹ̀. Ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ló fi í sílẹ̀, ó gba dọ́là 800. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èmi kò sì rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Àjọṣe lásán ni wọ́n jọ dá sílẹ̀ nígbà yẹn, èyí tó túmọ̀ sí pé gbèsè iléeṣẹ́ ni gbèsè oníkálukú wọn. Tí Terrell kò bá sanwó, àwọn tó ta èlò lè wá gba dúkìá ẹni tó bá ní dúkìá, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Wayne ló ní i. Ìdí nìyí táwọn èèyàn fi ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin: kí gbèsè iléeṣẹ́ lè dúró sára iléeṣẹ́, kó má wọ inú yàrá ẹni tó ni ín. Ọdún 1977 ni Apple tó ṣe tirẹ̀.

Owó tí oníbàárà ṣèlérí kì í ṣe runway. Ara mi ni mo ti fi kọ́ èyí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe sọ́fítíwíà tí iléeṣẹ́ kan á fi máa ka ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí wọn. Ẹnu la fi ṣàdéhùn, wọ́n ní tá a bá parí làwọn á san gbogbo owó. Ní alẹ́ ọjọ́ tá a rò pé a ti parí, fóònù mi dún: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fi ibì kan kún un tí á ti máa sọ fún wa pé ọjà kan ti fẹ́ tán. Nǹkan kékeré ni." Nǹkan kékeré yẹn gba ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òmíràn tún tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Nígbà tá a wá kọ ìwé owó, ìyẹn invoice tó ń sọ iye tí wọ́n máa san, wọ́n ní ọjọ́ 60 làwọn fi ń sanwó. Ó di ọjọ́ kejìlélógójì, ìwé owó náà padà wá pé a kò kọ nọ́ńbà iṣẹ́ sí i. A kọ nọ́ńbà sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka 60 láti oókan.

Runway wa kò ju oṣù méjì lọ nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló yá wa lówó tá a fi la oṣù tó kù já, ó sì ń rán mi létí dòní.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwa tá a mọ bí a ṣe ń to iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́sẹẹsẹ fún ẹlòmíì, a kò to tiwa. Láti ìgbà náà, àsansílẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a pín owó tó kù sí ìpele ìpele, a sì ń kọ ohun tá a máa ṣe àti ohun tá ò ní ṣe sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní ká fi nǹkan kún un, a kì í bínú, a kàn ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́.

Ohun kan tún wà tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn yẹn: ta ló ni sọ́fítíwíà náà tó bá parí? Nígbà tí IBM ń ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1981, Microsoft ló pèsè DOS fún wọn, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà náà. Microsoft fúnra rẹ̀ ra ìpìlẹ̀ DOS lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kékeré kan ni. Àmọ́ nínú àdéhùn pẹ̀lú IBM, ó di ẹ̀tọ́ mú láti máa tà á fún ẹlòmíì náà. Nígbà táwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kọ̀ǹpútà tó jọ ti IBM, ọ̀dọ̀ Microsoft ni gbogbo wọn ń wá. Gbólóhùn kan nínú ìwé ló fa gbogbo ìyẹn. Ẹ sì ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá tí ẹ bá gba ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín láti bá yín kọ apá kan. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òun ló ni ohun tó kọ àyàfi tí ìwé bá sọ ọ̀tọ̀.

Ní ti ẹ̀rọ, nǹkan ti rọrùn. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó ra server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà yín á máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹ ó wá yàrá tútù fún un, ẹ ó gba ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Láti 2006 tí Amazon ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi server yáni, iye tí èèyàn bá lò ló ń san, bí owó iná. Ewu rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí ẹ tan tí ẹ gbàgbé ń ka owó lọ ní tirẹ̀, kò bìkítà bóyá ẹnikẹ́ni ń lò ó. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa kìlọ̀ fún yín tí owó bá ti dé iye kan.

Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè gé kúrò kí runway lè gùn, ẹ má gé ẹ̀dà, ìyẹn backup. Ní ọjọ́ 31, oṣù January, 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà tọ́jú iṣẹ́ wọn, fẹ́ pa nǹkan rẹ́ lórí server kan, ó pa á rẹ́ lórí èyí tí kì í ṣe òun. Nǹkan bíi 300GB lọ. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n rò pé àwọn ń gbà tọ́jú ẹ̀dà, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, tó jẹ́ pé nǹkan míì ló fẹ́ fi ṣe, ló yọ wọ́n. Ẹ̀dà tí ẹ kò tíì gbìyànjú láti dá padà rí, ẹ má tíì pè é ní ẹ̀dà.

Àwọn kan á ní, ṣebí olùdókòwò wà? Ó wà. Owó rẹ̀ ń mú ojú ọ̀nà gùn lóòótọ́. Àmọ́ ó ń di ẹrù kún bàálù náà pẹ̀lú, torí ó fẹ́ kí ẹ gba òṣìṣẹ́ púpọ̀, kí ẹ yára dàgbà, owó tó ń jóná á sì fò sókè. Ẹni tó ní oṣù 18 lónìí kì í sábà ní ju 12 lọ lẹ́yìn tó bá gba èèyàn tuntun wọlé. Ìpín nínú iléeṣẹ́ náà sì ti lọ, kò sì rọrùn láti gbà á padà.

Èmi ní ìwé pélébé kan tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi. Ọjọ́ kìíní oṣù ni mo ń kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sí i. Oṣù tó kọjá, 9 ni mo kọ. Ti oṣù yìí, 7 ni, torí oníbàárà kan kò tíì san ti ìpele kejì. Mo ti tún ìwé owó tí mo fi ránṣẹ́ sí i yẹ̀ wò. Nọ́ńbà iṣẹ́ wà lórí rẹ̀.