Ṣé Ìjọba Ti Fòfin De Àwàdà Orí Fóònù? Ìdáhùn fún Àwọn Ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ Tó Ń Ya Skit

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni ìròyìn kan ti ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de oògùn owó àti sìgá mímu nínú fíìmù, fídíò orin àti skit, ìyẹn àwàdà kúkúrú tí wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára. Bó bá ti ń rọlẹ̀, ẹlòmíràn á tún fọ́n ọn ká bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń para pọ̀ ya àwàdà ní Ìjàpọ̀, ní Òkè-Àró àti lágbègbè yunifásítì FUTA wá ń bẹ̀rù, wọ́n ń bi ara wọn bóyá kí wọ́n kúkú jáwọ́. Kí wọ́n má jáwọ́. Ìbéèrè wọn rèé, pẹ̀lú àwọn èyí tó jẹ mọ́ kámẹ́rà, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì kan ara wọn ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ.

Ta ló gbé òfin náà jáde, kí ló sì sọ?

Àjọ NFVCB, tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò ní Nàìjíríà, ni. Ọ̀gá àgbà wọn, Shaibu Husseini, ló kéde rẹ̀ ní Enugu. Ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ ni oògùn owó, fífi èèyàn ṣètùtù, tábà àti ohunkóhun tó bá ní nicotine, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, nínú. Eré tó ń polówó nǹkan wọ̀nyí tàbí tó ń gbé wọn lárugẹ ni ìlànà náà dojú kọ. Ìròyìn orí WhatsApp gé apá yẹn sọnù, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Skit tí a fi fóònù yà ńkọ́?

Ó wà níbẹ̀. Wọ́n dárúkọ skit ní tààrà.

Báwo la ṣe máa fi ẹni tó ń ṣoògùn owó ṣẹ̀fẹ̀ láìgbé e lárugẹ?

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ kámẹ́rà ti wọlé. Ẹ mú ìtàn kan tí gbogbo yín mọ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ bá adáhunṣe, wọ́n gbé igbá lé e lórí, owó dé. Tí ẹni tó di fóònù mú bá lóṣòó, tó ń yà á láti ìsàlẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ọmọkùnrin náà á ga, á sì níyì lójú wa. Tí ẹ bá tún wá fi ìdì owó kún ojú fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tí ẹ fi orin ijó sí i, ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá máa gbé lọ ni pé ọ̀nà náà dáa. Ìparí tí pásítọ̀ ti wá gbàdúrà kì í pa ìyẹn rẹ́.

Ìtàn kan náà, ẹ yà á báyìí. Kí ẹni tó di fóònù mú gun àga, kó máa yà á láti òkè: aṣọ pupa, orúnkún nílẹ̀, igbá ń yẹ̀ lórí. Ó ti kéré lójú wa. Ẹ sún sẹ́yìn kí gbogbo yàrá hàn, torí àwàdà tí èèyàn ti ń ṣubú, tó ti ń sá, kò ní pa wá lẹ́rìn-ín tí a ò bá rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wọlé. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ gé e lọ sí ojú ìyá, ẹ dúró síbẹ̀ títí ìyá á fi ní, "Ṣé kì í ṣe igbá gaàrí mi nìyẹn?" Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má tíì pa kámẹ́rà. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá méjì sí i lójú ọmọkùnrin náà, kí igbá máa gbọ̀n, kó má mọ ohun tó máa sọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló sì ń gé e dànù nígbà tí wọ́n bá ń to fídíò, wọ́n ní kó lè yára.

Mi ò rí ẹni tó máa wo èkejì yìí kó wá máa wá adáhunṣe kiri. Lójú tèmi, ibi tí kámẹ́rà dúró sí, àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, ló ń sọ fún òǹwòran ohun tó yẹ kó fẹ́. Ẹni tó bá mọ kámẹ́rà í gbé dáadáa kò nídìí láti bẹ̀rù òfin yìí.

A lè wọ aṣọ ọlọ́pàá?

Láìgba àṣẹ, rárá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Usman Alkali Baba, kìlọ̀ fún àwọn tó ń lò ó nínú fíìmù àti skit láìgbàṣẹ, ó sì ní kí wọ́n máa mú wọn. Èyí tí télọ̀ yín bá rán kó jọ ọ́ náà lè kó bá yín. Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ ya inú mọ́tò lálẹ́, kí iná tọ́ọ̀ṣì tàn sójú awakọ̀, kí ohùn kan láti ìta ní, "Páàkì! Ìwé mọ́tò ẹ dà?" A ò rí aṣọ kankan, kò sì sẹ́ni tí ò mọ ẹni tó wà níta.

Kí ló dé tí àwòrán wa fi máa ń ṣẹ́jú lábẹ́ gílóòbù?

Ìbéèrè yìí pọ̀ jù lọ, ó sì tọ́ kó pọ̀, torí ojú ẹni ò lè rí ohun tó ń fà á. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ gílóòbù ń mọ́lẹ̀, ó sì ń rọ̀, ní ìgbà 100. Àwa ò rí i, fóònù ń rí i. Àwòrán 30 tàbí 60 ni ọ̀pọ̀ fóònù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ò sì bá ti iná dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ilà dúdú fi ń gun ojú fídíò lọ sókè sódò.

Ẹ yí i sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, Camera, Record Video, kí ẹ tan Show PAL Formats, 25 á jáde, kí ẹ sì yàn án. Lórí Android tó bá ní Pro video, ẹ fi shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń ṣí pẹ́ tó fún àwòrán kan, sí 1/50 tàbí 1/100. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ fi tanná, ó lè má gbọ́, torí kì í dúró lójú kan bí ẹrù rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó ń dín. Ti slow motion, ìyẹn fídíò tó ń lọ jẹ́jẹ́, ẹ má tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù. Lọ́sàn-án, ẹ pa iná, ẹ ṣí fèrèsé, kí òṣèré kọjú sí i.

Níta náà, ẹ sá fún oòrùn ọ̀sán gangan. Lókè orí ló máa ń wà ní Àkúrẹ́, á sì da òjìji sínú ihò ojú gbogbo yín. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sàn, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ẹ tẹ ojú òṣèré mọ́lẹ̀ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ àwòrán má baà máa yí padà bó ṣe ń rìn.

Ṣé ká ra kámẹ́rà ńlá?

Rárá. Máìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

A ò tíì rówó máìkì.

Ẹ fi fóònù kejì sínú àpò àyà òṣèré, kó máa gba ohùn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà. Nígbà tí ẹ bá ń to fídíò, ẹ fi ìró àtẹ́wọ́ méjèèjì sí ojú kan, ohùn á bá ẹnu mu. Ẹ má sì ya ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì ní etí títì Ọba Adésídà, ọ̀kadà ò ní jẹ́ ká gbọ́ yín.

Àwọn méjì ń jà, àmọ́ nínú fídíò, ibì kan náà ni wọ́n kọjú sí.

Ẹ ti fo ìlà. Ẹ fojú inú fa ìlà kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kìíní dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ẹ̀gbẹ́ kan ìlà yẹn ni kí fóònù wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan á máa wo ọ̀tún, èkejì á máa wo òsì.

Kí ló dé tí fídíò fi ń bàjẹ́ tí mo bá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá wa tò ó?

WhatsApp ló ń fún un pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document.

A lè ṣe prank (kéèyàn fi ẹlòmíràn ṣeré láìjẹ́ kó mọ̀) fún èèyàn lọ́jà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Ọba ò bá yín ṣàdéhùn pé kí gbogbo ayé máa fi àwọn rẹ́rìn-ín. Abala 37 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo ìgbé ayé ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà, Òfin Ààbò Dátà sì ti wà láti ọdún 2023. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ẹjọ́ lọ ni kí ẹnì kan pariwo "olè" tàbí "gbọ́mọgbọ́mọ" láàárín èrò. Kí ẹ tó là á pé eré ni, igi àti òkúta ti dé.

Ẹ tọ ìyá náà lọ kí ẹ tó yọ fóònù. Ẹ kí wọn, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ ra ata tẹ́ ẹ bá lówó lọ́wọ́. Tí wọ́n bá gbà, ẹ yà á, kí ẹ fi hàn wọ́n kí ẹ tó gbé e síta. Tí wọ́n bá ní kí ẹ pa á rẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú wọn. Tó bá jẹ́ ọmọdé, òbí rẹ̀ lẹ máa bi.

Orin olórin ńkọ́?

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti ọdún 2022 fàyè gba kéèyàn fi iṣẹ́ ẹlòmíràn dá àpárá níwọ̀nba. Kéèyàn kàn fi odidi orin sẹ́yìn eré yàtọ̀ síyẹn, Facebook àti YouTube sì lè pa ohùn fídíò yín. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín tó mọ ìlù í lù bá yín lu díẹ̀.

Wọ́n ní a máa san owó orí.

Tówó bá wọlé ni. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026, wọn kì í gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn kan bá rí lọ́dún. YouTube fúnra rẹ̀ kì í pín owó ìpolówó fún ẹni tí kò bá ní alábàápín 1,000, àti wákàtí 4,000 tí àwọn èèyàn fi wò ó láàrin ọdún kan tàbí ìgbà mílíọ̀nù 10 tí wọ́n wo Shorts rẹ̀, ìyẹn fídíò kúkúrú, láàrin 90 ọjọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ tètè bẹ̀rù ni ìjà láàárín ara yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, nígbà tí kò tíì sí owó: orúkọ ta ni àkáǹtì wà, báwo lẹ sì ṣe máa pín in?

A ti gbé skit tó gbé oògùn owó lárugẹ síta tẹ́lẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí, àmọ́ ẹ má pa fídíò tẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà rẹ́. Ẹ padà sínú èyí tẹ́ ẹ gé dànù, ẹ wá ojú ìyá tàbí ti aládùúgbò tó ń wò wọ́n, kí ẹ tún eré náà tò. Ìdì owó ni kí ẹ kọ́kọ́ gé kúrú, kí ẹ wá yọ orin ijó. Tí ìtàn ò bá dúró mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó ara yín jọ ní Sátidé kí ẹ tún apá náà yà.